Ooru Kò Sí Nínú Àwòrán Sẹ́kíìtì

Ẹ wá mítà oní-nọ́ńbà kan, tiránsísítọ̀ BC547 kan, àti píọ̀ wọ́tà kan tó ti dì gbagidi nínú fíríísà. Ẹ yí mítà sí ibi tí wọ́n ya àmì díódù sí. Bí ẹ bá kọjú ibi pẹrẹsẹ ara BC547 náà sí ara yín, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, collector ló wà lápá òsì, base ló wà láàárín, emitter ló wà lápá ọ̀tún. Wáyà pupa lọ sórí base, dúdú lọ sórí emitter. Mítà á kọ nǹkan bíi 0.67. Ẹ wá fi píọ̀ wọ́tà dídì yẹn kan ara rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí omi kán sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà náà á bẹ̀rẹ̀ sí gòkè: 0.68, 0.69, 0.70, ó tún lè kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé yìnyín kúrò, ẹ sún áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ ọn láìjẹ́ kó kàn án. Nọ́ńbà á máa já wálẹ̀, á kọjá 0.65, á forí lé 0.60.

A ò yí mítà, a ò pààrọ̀ wáyà. Ooru nìkan ló yí padà. Fólítéèjì àárín base àti emitter yìí, tí a ó máa pè ní Vbe, máa ń fi nǹkan bíi 2 mV dín kù ní gbogbo ìgbà tí ooru bá fi 1 °C lé sí i, bí ìṣàn iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá bá dúró sójú kan.

2 mV kéré lójú. Ta ló ń ka 2 mV sí nínú ẹ̀rọ tó ń lo 12 V? Ṣùgbọ́n ẹ yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ẹ di Vbe mú ṣinṣin síbì kan, kí ẹ wá wo ìṣàn tó ń gba collector kọjá. Kì í pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, ṣe ló ń di ìlọ́po. Nínú yàrá lásán, 18 mV péré tó bá lé lórí Vbe ti tó láti sọ ìṣàn náà di ìlọ́po méjì, 60 mV á sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ wá da méjèèjì pọ̀: ooru 9 °C ń ṣe iṣẹ́ 18 mV, ooru 30 °C ń ṣe iṣẹ́ 60 mV. Láti òwúrọ̀ ọyẹ́ tí ètè ń bó, títí dé ọ̀sán gangan nínú àpótí irin tí áńpílífáyà ti ń kọrin fún wákàtí mẹ́ta, 30 °C kì í ṣe nǹkan bàbàrà.

Ojú tí mo fi ń wò ó nìyí: ẹ̀yà sẹ́kíìtì ni ooru, gẹ́gẹ́ bí rẹ̀sísítọ̀ ṣe jẹ́ ẹ̀yà. Ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń yà á sínú àwòrán ni.

Kí ni bias, ìyẹn iná díẹ̀ tí a ń fún base kí orin tó wọlé, ń ṣe? Orin tó ń wọlé ń lọ sókè, ó sì ń lọ sísàlẹ̀. Tiránsísítọ̀ kò lè bá a lọ sápá méjèèjì àfi tí a bá ti kọ́kọ́ gbé e dúró sí àárín. Ẹni tó fẹ́ jó kì í fẹ̀yìn ti ògiri, àárín agbo ló ń bọ́ sí kó lè ráyè yí sọ́tùn-ún sósì. Nínú sẹ́kíìtì oní 12 V, àárín agbo ni pé kí collector wà ní nǹkan bíi 6 V nígbà tí orin kò tíì wọlé. Bó bá lọ lẹ̀ mọ́ 12 V, tiránsísítọ̀ ti sùn nìyẹn, apá kan orin á gé kúrò. Bó bá já sí 0.2 V, ó ti kún dẹ́nu, apá kejì ló máa gé.

Ọ̀nà tó yá jù láti gbé e síbẹ̀ ni kí a fi rẹ̀sísítọ̀ kan ṣoṣo so base mọ́ 12 V. Ẹ jẹ́ ká fi BC547 wò ó: rẹ̀sísítọ̀ collector 2.7 kΩ, ti base 1.5 MΩ, emitter wọlẹ̀ tààrà. Iná tó ń wọ base á jẹ́ nǹkan bíi 7.6 µA. Ìlọ́po mélòó ni tiránsísítọ̀ á sọ ọ́ dà? Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní hFE, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe BC547B sọ pé hFE rẹ̀ lè jẹ́ 200, ó lè jẹ́ 450. BC547C lè jẹ́ 420, ó lè jẹ́ 800. Kì í ṣe pé wọ́n ṣe é burú o. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń tà á. Bó bá jẹ́ 300, collector á wà ní 5.9 V, ó dára púpọ̀. Bó bá jẹ́ 200, 7.9 V. Bó bá jẹ́ 450, 2.8 V, ohùn ti ń họ nìyẹn. Bó bá ti lé ní 590, tiránsísítọ̀ ti kún, kò sí orin mọ́.

Ẹ ò rí i pé a ò tíì sọ̀rọ̀ ooru? hFE fúnra rẹ̀ ń gòkè bí ooru ṣe ń gòkè, nǹkan bí ìdajì sí odidi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fún 1 °C kọ̀ọ̀kan. Tiránsísítọ̀ tí hFE rẹ̀ jẹ́ 400 láàárọ̀ lè di 500 lọ́sàn-án. Nínú sẹ́kíìtì yìí, collector rẹ̀ á sún láti 3.8 V lọ sí 1.8 V láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan kan. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì àtúnṣe nìyẹn nígbà tí wọ́n bá yọ BC547 tó jó, tí wọ́n fi BC547 tuntun sí i, tí ohùn wá dà bí ẹni ń fa páànù nílẹ̀. Wọ́n á ní tiránsísítọ̀ yẹn ò dáa. Tiránsísítọ̀ dáa. Sẹ́kíìtì ló gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò ṣèlérí rẹ̀ fún un.

Àtúnṣe tí kò náni ní nǹkan kan wà. Dípò kí rẹ̀sísítọ̀ base ti 12 V wá, ẹ so ó mọ́ collector, kí ẹ sì sọ ọ́ di 560 kΩ. Bí ìṣàn bá fẹ́ pọ̀ jù, fólítéèjì collector á já, iná tó ń wọ base á dín kù, ìṣàn náà á padà sẹ́yìn. hFE 200 á fún wa ní 6.4 V lórí collector, 450 á fún wa ní 4.2 V, 800 á fún wa ní 3 V. Kò dọ́gba, ṣùgbọ́n kò lè kún láé. Fún ẹ̀rọ kékeré tó ń lo bátìrì, tó kàn fẹ́ gbé ohùn máíkì sókè díẹ̀, mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Fún iṣẹ́ tí a fẹ́ kó pẹ́, rẹ̀sísítọ̀ mẹ́rin ni. Bí mo ṣe máa ń ṣe ìṣirò rẹ̀ rèé, ó sì yẹ kéèyàn lè ṣe é láìwo ìwé. Mo fẹ́ 2 mA lórí collector. Mo kọ́kọ́ yan iye fólítéèjì tí mo máa fi sílẹ̀ lórí emitter: 1.4 V, tó lé díẹ̀ ní ìdá mẹ́wàá 12 V. 1.4 V pín sí 2 mA jẹ́ 700 Ω, 680 Ω ló wà lọ́jà. Base gbọ́dọ̀ fi Vbe ga ju emitter lọ, nítorí náà 2.05 V ni mo ń wá. Ní ti iná tí base máa mu, mo fi hFE tó kéré jù ṣírò rẹ̀: 2 mA pín sí 200 jẹ́ 10 µA. Mo fẹ́ kí iná tó ń gba àárín rẹ̀sísítọ̀ méjì tó ń pín fólítéèjì kọjá pọ̀ ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá ó kéré tán, kí base máa bu tiẹ̀ láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n lára. 47 kΩ sókè, 10 kΩ sísàlẹ̀: 0.21 mA, ìlọ́po ogún. Fólítéèjì àárín wọn jẹ́ 2.1 V. Mo fi 2.7 kΩ sórí collector.

Ẹ wá wo èrè rẹ̀. Bí hFE bá jẹ́ 200, ìṣàn jẹ́ 2.02 mA, collector wà ní nǹkan bíi 6.5 V. Bó bá jẹ́ 800, ìṣàn jẹ́ 2.11 mA, collector wà ní 6.3 V. Ẹ yọ B, ẹ fi C sí i, ẹ yọ C, ẹ fi ti ilé iṣẹ́ mìíràn sí i, sẹ́kíìtì ò ní mọ̀. Ẹ wá gbé e láti òwúrọ̀ ọyẹ́ lọ sínú àpótí tó fi 40 °C gbóná jù ú lọ: Vbe á fi 80 mV já, ìṣàn á kúrò ní 2.02 mA bọ́ sí 2.13 mA. Ó tán.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni 1.4 V orí emitter yẹn. Bí ìṣàn bá fẹ́ ga sókè, fólítéèjì orí 680 Ω náà á ga. Base kò kúrò níbi tó wà, nítorí náà àárín base àti emitter á fún pọ̀, tiránsísítọ̀ á sì fa ara rẹ̀ sẹ́yìn. 80 mV tí ooru mú wá ní láti bá 1.4 V jà, kò sì lè borí rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi rẹ̀sísítọ̀ emitter kékeré sí i, kí ohùn lè lágbára, tí fólítéèjì ibẹ̀ á fi jẹ́ 0.2 V péré. 80 mV nínú 0.2 V ti tó ìdá méjì nínú márùn-ún. Irú rẹ̀sísítọ̀ bẹ́ẹ̀ kàn wà níbẹ̀ ni. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo nọ́ńbà tó wà lókè yìí, ẹ má gbàgbé láti fi fólítéèjì tó tó 1 V ó kéré tán sórí emitter níbi tí àyè bá wà.

Owó kan wà láti san, òun ni pé rẹ̀sísítọ̀ emitter ń jẹ ohùn. Pẹ̀lú 2.7 kΩ lókè àti 680 Ω nísàlẹ̀, orin á di ìlọ́po mẹ́rin péré. Bí a bá fi kàpásítọ̀ ńlá bo gbogbo 680 Ω náà, ó lè di ìlọ́po igba ó lé, ṣùgbọ́n ohùn náà á máa dàrú bí orin bá ti pọ̀ díẹ̀, ìlọ́po náà á sì máa yí padà bí ìṣàn àti ooru ṣe ń yí padà. Ohun tí mo fara mọ́ ni kí a gé 680 Ω sí méjì: 120 Ω lẹ́gbẹ̀ẹ́ emitter, 560 Ω nísàlẹ̀ rẹ̀, kí kàpásítọ̀ 100 µF bo 560 Ω nìkan. Fún bias, 680 Ω ṣì pé. Fún orin, 120 Ω ló kù, pẹ̀lú nǹkan bíi 12.5 Ω tó wà nínú tiránsísítọ̀ fúnra rẹ̀. Ìlọ́po ogún nìyẹn, báàsì á sì wálẹ̀ dé nǹkan bíi 15 Hz. Ẹsẹ̀ rere kàpásítọ̀ ló ń kọjú sókè sí emitter. Bí wọ́n bá yí i, á jò, á sì fa emitter wálẹ̀.

Ìgbádùn rẹ̀sísítọ̀ mẹ́rin tún wà níbi àtúnṣe, torí pé fólítéèjì mẹ́ta ti tó láti fi mọ ẹni tó jẹ̀bi. Base 2.05 V, emitter 1.4 V, collector 6.5 V: ara ẹ̀rọ yá. Bí base bá jẹ́ 0, tí collector jẹ́ 12 V, 47 kΩ ti já. Bí base bá ga ju bó ṣe yẹ lọ, tí collector fẹ́rẹ̀ẹ́ kan emitter, 10 kΩ ló já. Bí emitter bá bá base gòkè títí ó fi ku díẹ̀ kó tó 2 V, tí collector sì wà ní 12 V, rẹ̀sísítọ̀ emitter ló já, mítà fúnra rẹ̀ ló ń gbé fólítéèjì yẹn ró. Bí base bá fi díẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ, tó sì tún ń gòkè bí ẹ̀rọ ṣe ń gbóná, ẹ má tíì bú tiránsísítọ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan kàpásítọ̀ tó ń mú orin wọlé sókè kúrò lórí páńẹ́ẹ̀lì. Kàpásítọ̀ tó ti gbó máa ń jò, díẹ̀ tó ń jò yẹn sì ń wọ base.

Àwọn tó ti rí rédíò ayé àtijọ́ tó ní tiránsísítọ̀ OC71 nínú mọ ẹ̀yà àìsàn yìí tó burú jù ú lọ. Wọ́n gbé tiránsísítọ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní oṣù kejìlá 1947, jẹ́máníọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é. Ti sílíkọ́ọ̀nù kò dé ọjà títí di 1954, láti ọwọ́ Texas Instruments. Jẹ́máníọ́ọ̀mù máa ń jò láti collector sí base kódà nígbà tí kò sí ẹni tó fún base ní nǹkan kan, jíjò náà sì ń di ìlọ́po méjì ní nǹkan bíi gbogbo 10 °C. Tiránsísítọ̀ á wá máa sọ jíjò yẹn náà di púpọ̀ bí ẹni pé orin ni. Àwọn ará Yúróòpù tó ya sẹ́kíìtì wọ̀nyẹn mọ̀ ọ́n dáadáa, ìdí nìyẹn tí rẹ̀sísítọ̀ ibi base wọn fi máa ń kéré. Ẹni tó bá ń tún irú rédíò bẹ́ẹ̀ ṣe lónìí, tó fi 22 kΩ rọ́pò 2.2 kΩ torí pé àwọ̀ ara rẹ̀ ti ṣí, á rí i pé rédíò náà ń kọrin láàárọ̀, ó ń dákẹ́ lọ́sàn-án.

Gbogbo èyí ṣì jẹ́ eré ọmọdé. Ìṣàn 2 mA kò lè jó nǹkan kan. Ibi tí ooru ti ń mú owó lápò ni ìpele tó ń gbé sípíkà, níbi tí àwọn tiránsísítọ̀ ńlá, 2SC5200 àti 2SA1943, jókòó sí, tí iná 35 V wà lókè, tí 35 V òdì wà nísàlẹ̀. Níbẹ̀, tiránsísítọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń dá ooru tó ń yí i lórí sílẹ̀. Ó gbóná, Vbe já, ìṣàn pọ̀, ó tún gbóná sí i. Bí kò bá sí ohun tó dá a dúró, kò ní dúró fúnra rẹ̀.

Kí ló dé tí a ò kúkú fún un ní bias kankan? Torí pé apá kan ń gbé orin sókè, apá kejì ń fà á sísàlẹ̀, bí àwọn méjèèjì bá sì sùn pa pọ̀ fún àkókò tó kéré bíńtín nígbà tí wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, ohùn á máa họ, pàápàá níbi tí orin bá ti rọlẹ̀. Nítorí náà a ń jẹ́ kí ìṣàn kékeré máa gba àwọn méjèèjì kọjá kódà nígbà tí kò sí orin. Barney Oliver ti Hewlett-Packard ṣàlàyé ní 1971 pé ibi tí ohùn ti mọ́ jù ni ibi tí nǹkan bíi 26 mV bá wà lórí rẹ̀sísítọ̀ emitter kọ̀ọ̀kan, kí a ka èyí tó fara pamọ́ sínú tiránsísítọ̀ mọ́ ọn. Lórí 0.22 Ω, ìyẹn lé ní 100 mA. Fún ẹ̀rọ tó máa lo gbogbo ọjọ́ Sátidé lábẹ́ kánópì nínú oòrùn, tí heatsink rẹ̀, irin tó ń tú ooru dà nù, kò sì tóbi, 50 mA ni màá yàn, màá sì gbà pé ohùn náà kò pé tán. 50 mA lórí 70 V ti jẹ́ 3.5 W ooru kí ẹnikẹ́ni tó kọrin.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wo bí ẹ̀rọ ṣe ń sá lọ. Ká ní ìṣàn ìsinmi jẹ́ 100 mA, kò sì sí rẹ̀sísítọ̀ lórí emitter. Ohun kan ṣoṣo tó ń dá ìṣàn dúró ni 0.26 Ω tó wà nínú tiránsísítọ̀. 1 °C mú 2 mV wá, 2 mV lórí 0.26 Ω jẹ́ 7.7 mA. 7.7 mA lórí 35 V jẹ́ 0.27 W. Bí ọ̀nà tí ooru ń gbà jáde bá ń fi 3 °C gbóná fún wáàtì kọ̀ọ̀kan, 0.27 W yẹn á mú 0.81 °C wá. 1 °C bí 0.81 °C: ó ṣì ń rọlẹ̀, ṣùgbọ́n etí bèbè ló wà. Ẹ jẹ́ kí ìṣàn di 150 mA, 0.26 Ω yẹn á já sí 0.17 Ω, 1 °C á wá bí 1.2 °C. Ọmọ ti ju ìyá lọ nìyẹn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, fíúsì á lọ, bí fíúsì bá yára ju tiránsísítọ̀ lọ, èyí tó ṣọ̀wọ́n. Ẹ wá fi 0.22 Ω sórí emitter, kí ìṣàn padà sí 100 mA: 1 °C á bí 0.44 °C péré. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà rọ́pò rẹ̀sísítọ̀ 0.22 Ω tó jó, kó ní «ó ṣì ń kọrin». Ó ń kọrin ìdágbére ni.

Rẹ̀sísítọ̀ yẹn nìkan kò tó. Ó tún yẹ kí fólítéèjì tó ń gbé bias fúnra rẹ̀ máa já bí ooru ṣe ń gòkè. Fún áńpílífáyà kékeré, díódù 1N4148 méjì tó lẹ̀ mọ́ heatsink lè ṣe é. Fún ńlá, BD139 kan ni, pẹ̀lú rẹ̀sísítọ̀ láti collector sí base àti òmíràn láti base sí emitter rẹ̀. Ohun tó wà lórí collector àti emitter BD139 yẹn jẹ́ Vbe rẹ̀ tí a sọ di ìlọ́po. Bí tiránsísítọ̀ mẹ́rin bá ń dúró dè é, draifà méjì (àwọn tó ń ti àwọn ńlá) àti ńlá méjì, nǹkan bíi 2.4 V la nílò. 2.2 kΩ sókè, 680 Ω pẹ̀lú fólúùmù kékeré 500 Ω nísàlẹ̀, á lè rìn láti nǹkan bíi 1.9 V dé 2.75 V. Nǹkan bíi 7.4 mV ló máa fi já fún 1 °C kọ̀ọ̀kan, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń béèrè 8 mV. Ó sún mọ́ra.

Apá ìsàlẹ̀ ni fólúùmù yẹn gbọ́dọ̀ wà, láàárín base àti emitter. Ìka inú fólúùmù kékeré máa ń já bó bá gbó. Bó bá já nísàlẹ̀, bias á wálẹ̀, ohùn á họ, kò sí nǹkan tó jó. Bó bá wà lókè tó sì já, BD139 á sùn, bias á gòkè dé ibi tó bá lè dé, àwọn 2SC5200 á sì jó kí ẹ tó dé ibi súwíìṣì. Ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀ bí wáyà tó lọ sọ́dọ̀ BD139 bá já. Ẹ jó o pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì dáadáa, kí wáyà rẹ̀ kúrú.

Ibo ni BD139 máa jókòó sí? Ọ̀pọ̀ ń fi síkúrúù dè é mọ́ heatsink níbi tí àyè bá ti ṣẹ́ kù, bí ẹni tó ń kó àlejò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Heatsink ńlá ń gba ìṣẹ́jú púpọ̀ kó tó gbóná, inú tiránsísítọ̀ sì ti gbóná láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ibi tó dára jù ni orí ara ọ̀kan nínú àwọn 2SC5200 gan-an, kí síkúrúù kan náà di méjèèjì mú. Irin ẹ̀yìn BD139 so mọ́ collector rẹ̀, nítorí náà máíkà, awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí iná kì í gbà kọjá, gbọ́dọ̀ wà láàárín rẹ̀ àti irin yòówù tó bá fẹ́ kàn. Ní ti páàsìtì tó ń gbé ooru kọjá, a kì í fi kun tiránsísítọ̀ bí ẹni fi bọ́tà kun búrẹ́dì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dí àwọn ihò tí ojú kò rí, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló yẹ kó rí. Máíkà gbígbẹ láìsí páàsìtì sì burú ju èyí tí páàsìtì rẹ̀ pọ̀ jù lọ.

Wọ́n kọ 150 W fún 2SC5200, àwọn kan sì ń fi nọ́ńbà yẹn ra ọjà. Ìgbà tí ara rẹ̀ bá wà ní 25 °C ni wọ́n ń wí. Ta ló rí heatsink tó tutù tó 25 °C ní Ìbàdàn lọ́sàn-án oṣù kẹta? Bí ara rẹ̀ bá dé 80 °C, nǹkan bíi 84 W ló kù. Ayédèrú tó kún ìgboro kò lè ṣe ìdajì ìyẹn, torí wáfà inú rẹ̀ kéré. Ẹ wọn hFE kí ẹ tó fi sí i: èyí tó ní àmì O yẹ kó wà láàárín 80 sí 160, èyí tó ní R láàárín 55 sí 110. Pé nọ́ńbà náà bọ́ síbẹ̀ kò ní kí ó jẹ́ ojúlówó, ṣùgbọ́n bí kò bá bọ́ síbẹ̀, ẹ dá a padà.

Títò bias rèé. Kí sípíkà má sí lójú rẹ̀, kí ẹnu ibi tí orin ń gbà wọlé jẹ́ síso mọ́lẹ̀. Ẹ yí fólúùmù kékeré náà débi tí rẹ̀sísítọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, ìyẹn bias tó kéré jù. Ẹ fi gílóòbù 60 W tàbí 100 W so ọ̀nà iná tó ń wọ ẹ̀rọ, kí iná gba inú rẹ̀ kọjá. Gílóòbù ayé àtijọ́ tó ní okùn iná nínú ni o, LED kò lè ṣe é. Tí ẹ bá tan ẹ̀rọ, gílóòbù á tàn yòò lẹ́ẹ̀kan, á sì rẹ̀ wálẹ̀. Bó bá ń tàn lọ, ẹ pa á, nǹkan ti so pọ̀ níbì kan. Bó bá rẹ̀ wálẹ̀, ẹ wọn ẹnu sípíkà: kò yẹ kó ju 50 mV lọ. Lẹ́yìn náà ẹ yọ gílóòbù, ẹ gbé mítà sórí mV, ẹ fi kan ẹsẹ̀ méjèèjì 0.22 Ω kan, ẹ rọra yí fólúùmù kékeré títí ẹ ó fi rí 11 mV. 50 mA nìyẹn.

Kò tíì parí. Ẹ dé ìdérí ẹ̀rọ, ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ tún wọn ọ́n, ẹ tún un tò. Lẹ́yìn náà ẹ so sípíkà, tàbí rẹ̀sísítọ̀ ńlá tó dúró fún un, mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kó kọrin tó lágbára fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ pa orin lójijì, kí mítà ṣì wà lórí 0.22 Ω. Nọ́ńbà lè wà ní 18 tàbí 20 mV ní ìbẹ̀rẹ̀, torí inú tiránsísítọ̀ ti gbóná tí BD139 kò tíì mọ̀. Ó yẹ kó máa já bọ̀ sí 11 mV bí inú rẹ̀ ṣe ń tutù. Bó bá já kọjá, tó lọ sí 3 tàbí 4 mV, BD139 ń gbóná ju àwọn tó ń ṣọ́ lọ, ẹ gbé e jìnnà díẹ̀. Bó bá ti tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí kò padà wálẹ̀, tàbí tó ń gòkè, ẹ pa iná, kí ẹ sì lọ wo síkúrúù BD139 yẹn.